Ẹni Tó Sọ Ìwé Nù Ni Kó Wá A: Ẹjọ́ Àwọn Sójà Amẹ́ríkà Tí Àmì-Ẹ̀yẹ Wọn Kò Sí Nínú Fáìlì

Gbogbo sójà Amẹ́ríkà tó bá kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ni wọ́n máa ń fún ní ìwé kan tó ń jẹ́ DD-214. Láti ọdún 1950 ló ti wà. Òun ni sójà fi ń gba owó ilé-ẹ̀kọ́, òun ló fi ń yáwó ra ilé, òun ló ń gbé lọ sí ọsibítù àwọn ajagunfẹ̀yìntì. Lọ́jọ́ tó bá kú, òun ni àwọn ẹbí yóò mú lọ́wọ́ kí wọ́n tó lè sin ín pẹ̀lú ẹ̀yẹ ológun. Àpótí kẹtàlá lórí ìwé yìí ni wọ́n ń kọ àmì-ẹ̀yẹ sí. Bí akọ̀wé bá gbàgbé ọ̀kan, tàbí tí ìwé àṣẹ rẹ̀ kò tíì dé ọ́fíìsì lọ́jọ́ tí sójà ń palẹ̀ ẹrù mọ́, ó parí nìyẹn. Ọta lè ti bà á, ọ̀gá rẹ̀ lè ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ fi àmì-ẹ̀yẹ náà há a láyà, àpótí kẹtàlá kò mọ̀ nípa rẹ̀.

Ohun tí à ń bèèrè nínú ìwé pẹlẹbẹ yìí kò pọ̀. Ìjọba ló kọ ìwé, ìjọba ló tọ́jú ìwé, ìjọba ló sì sọ ọ̀pọ̀ rẹ̀ nù. Kí ìjọba náà máa wá a. Bó ṣe wà lónìí, sójà ni wọ́n ní kó wá a.

À ń kọ ọ́ ní èdè Yorùbá nítorí pé ọ̀rọ̀ náà ti wọlé wa. Ètò MAVNI, tí ilé-iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà fi gba àwọn àjèjì tó gbọ́ èdè tí wọ́n nílò, tí wọ́n sì tibẹ̀ di ọmọ onílùú, ka Yorùbá mọ́ àwọn èdè rẹ̀. Àwọn ọmọ wa tó gba ibẹ̀ wọlé ti ń gba DD-214 tiwọn. Orúkọ wa nìkan sì tó dá wàhálà sílẹ̀: Olúwaṣeun nínú ìwé kan, Seun nínú èkejì, orúkọ ìdílé síwájú níbì kan, sẹ́yìn níbòmíràn, obìnrin tó lọ́kọ lẹ́nu iṣẹ́ tó sì yí orúkọ padà. Bí ìwé àṣẹ àmì-ẹ̀yẹ bá jẹ́ orúkọ kan, tí fáìlì jẹ́ òmíràn, ta ni yóò so wọ́n pọ̀?

Ẹ jẹ́ ká ti orí Henry Johnson bẹ̀rẹ̀. Aláwọ̀ dúdú ni, ará Albany ní ìpínlẹ̀ New York, iṣẹ́ alárù ló ń ṣe ní ibùdókọ̀ ojú irin kó tó di sójà. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1918, òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Needham Roberts, ń ṣọ́nà lóru ní Argonne, ilẹ̀ Faransé, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Jámánì ya lù wọ́n. Roberts fara gbọgbẹ́ gidigidi. Johnson yìnbọn títí ìbọn kò fi ṣiṣẹ́ mọ́, ó fi ìdí ìbọn lù wọ́n, ó wá fa ọ̀bẹ yọ. Ọgbẹ́ mọ́kànlélógún ni wọ́n kà lára rẹ̀. Ìjọba Faransé fún un ní àmì-ẹ̀yẹ Croix de Guerre. Orílẹ̀-èdè tirẹ̀ kò fún un ní ohunkóhun. Ìwé tí wọ́n fi dá a sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ kò tilẹ̀ sọ pé ó fara gbọgbẹ́. Ó kú ní 1929. Ọdún 1996 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un ní Purple Heart, tó jẹ́ àmì-ẹ̀yẹ ẹni tí ọ̀tá ṣe léṣe. Medal of Honor, èyí tó ga jù lọ, kò dé títí di 2015, nígbà ìjọba Obama.

Àwọn kan yóò ní ẹlẹ́yàmẹ̀yà ló fa èyí. Bẹ́ẹ̀ ni, òun ló fà á. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ẹlẹ́yàmẹ̀yà fi ṣiṣẹ́. Ẹnikẹ́ni kò ní láti dìde bú Johnson. Ó ti tó kí akọ̀wé kan fi àyè kan sílẹ̀ lófìfo, kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn sì máa sọ pé àwọn ò rí nǹkan kan nínú fáìlì.

Ọ̀pọ̀ fáìlì mìíràn kò sí mọ́ rárá. Ní ọjọ́ 12 oṣù keje ọdún 1973, iná sọ ní àjà kẹfà ilé tí ìjọba kó fáìlì àwọn sójà sí ní Overland, lẹ́bàá St. Louis ní ìpínlẹ̀ Missouri. Ó lé ní ọjọ́ mẹ́rin kí wọ́n tó pa á tán. Fáìlì tó ṣòfò tó mílíọ̀nù 16 sí 18. Nínú ti àwọn sójà orí ilẹ̀ tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́ láti oṣù kọkànlá 1912 títí di ìbẹ̀rẹ̀ 1960, nǹkan bí ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ló lọ. Wọn kò ṣe ẹ̀dà kejì. Wọn kò yà á sórí fíìmù. Wọn kò ní ìwé atọ́ka tó lè sọ fáìlì ta ló wà níbẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ tí ń wọ́n omi sí iná níbi tí wọ́n kó gbogbo bébà yẹn jọ sí. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ti làágùn láti ìgbà náà, wọ́n ń fi ìwé owó oṣù ìkẹyìn àti àjẹkù ìwé láti àwọn ọ́fíìsì mìíràn tún ìtàn sójà tò, a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ìwé owó oṣù lè jẹ́rìí pé ẹnìkan ṣiṣẹ́ ológun. Kò lè jẹ́rìí pé ọta bà á.

Wàyí o, tí sójà tàbí ọmọ rẹ̀ bá wá sọ pé àmì-ẹ̀yẹ kan sọnù nínú ìwé, kí ni wọ́n ń sọ fún un? Ìgbìmọ̀ tí ń tún àkọsílẹ̀ ológun ṣe wà. Òfin ọdún 1946 ló bí i, òfin náà sì dára, torí ó ní kí wọ́n ṣàtúnṣe àṣìṣe, kí wọ́n sì mú àìṣòdodo kúrò. Ìlànà tí ìgbìmọ̀ àwọn sójà orí ilẹ̀ fi ń gbọ́ ẹjọ́ ni kò dára. Ìlànà náà ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbà pé àwọn akọ̀wé ológun ṣe ohun gbogbo bó ti yẹ, kí ẹni tó wá bẹ̀bẹ̀ sì fi ẹ̀rí hàn pé wọn kò ṣe é bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́ta péré lòfin fún un láti ìgbà tó ti rí àṣìṣe náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìgbìmọ̀ lè fojú fò ó. Ẹ̀rí wo ni yóò mú wá? Èyí tó jóná ní Overland?

Ìjọba kan náà kò ṣe bẹ́ẹ̀ níbi tó ti ń san owó ìtọ́jú. Òfin tí ẹ̀ka àwọn ajagunfẹ̀yìntì ń lò sọ pé tí ẹni tó jagun bá ní ojú ogun lòun ti fara pa, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì bá bí nǹkan ṣe rí níbẹ̀ mu, kí wọ́n gbà á gbọ́ bí ìwé kankan kò tilẹ̀ sí. Tí ẹ̀rí bá dọ́gba, sójà ni kó jàre. A gbà á gbọ́ níbi owó, a wá pè é ní òpùrọ́ níbi ẹ̀yẹ! Ẹ̀yẹ náà kò sì yàtọ̀ sí owó tó bẹ́ẹ̀: ẹni tó ní Purple Heart kò ní san owó kún ìtọ́jú ní ọsibítù àwọn ajagunfẹ̀yìntì, àti pé láti oṣù kẹjọ 2018, ẹni tó gbà á láti ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án 2001 síwájú lẹ́tọ̀ọ́ sí owó ilé-ẹ̀kọ́ ní kíkún, bó ti wù kí iṣẹ́ rẹ̀ kúrú tó.

Ohun tó ń bí wa nínú jù ni ti àmì-ẹ̀yẹ Bronze Star. Ní 1947, ilé-iṣẹ́ ológun pinnu pé gbogbo sójà tó gba báàjì ajagun-ẹsẹ̀ tàbí báàjì olùtọ́jú aláìsàn lójú ogun nínú Ogun Àgbáyé Kejì lẹ́tọ̀ọ́ sí Bronze Star. Ẹ̀rí kò ṣòro: báàjì náà wà lórí ìwé ìjọba. Ṣùgbọ́n àwọn sójà ti túká lọ sí oko, sí ilé-iṣẹ́, sí ìdí òwò wọn, wọ́n sì ní ẹni tó bá fẹ́ ẹ kó kọ̀wé wá. Báwo lẹnìkan yóò ṣe kọ̀wé béèrè ohun tí kò mọ̀ pé ó jẹ́ tòun? Ọ̀pọ̀ kú láìmọ̀. Nígbà náà, kò tíì sí iná, kò tíì sí ìwé tó sọnù. Kíkà lásán ni wọn kò ka fáìlì tó wà níwájú wọn.

Wọ́n á ní tí ìjọba bá mú ìlànà rọ, àwọn ayédèrú akọni yóò ya wọlé. Ayédèrú akọni wà lóòótọ́. Amẹ́ríkà ṣòfin nítorí wọn ní 2006, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ wọ́gi lé e ní 2012, wọ́n tún ṣe òmíràn ní 2013. Ṣùgbọ́n onírọ́ á máa ra àmì-ẹ̀yẹ lọ́jà, á sì máa fi yangàn ní ilé ọtí. Kì í kọ fọ́ọ̀mù tí ìjìyà irọ́ wà lórí rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Tí ẹnikẹ́ni bá sì ní ìjọba kò lágbára láti tú fáìlì fúnra rẹ̀, kó ka ìtàn yìí. Nígbà ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, àṣìṣe ìwé mú kí wọ́n fún sójà 864 láti ẹgbẹ́ ọmọ ogun kan ní ìpínlẹ̀ Maine ní Medal of Honor, nígbà tó jẹ́ pé nǹkan bí 300 ló dúró ṣe iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ ṣèlérí àmì-ẹ̀yẹ náà. Nígbà tó yá, ìjọba yan ìgbìmọ̀, wọ́n sì yẹ gbogbo Medal of Honor àwọn sójà orí ilẹ̀ wò, 2,625 lápapọ̀. Ní 1917, wọ́n wọ́gi lé 911, àwọn ará Maine náà wà níbẹ̀, àti Dókítà Mary Walker, oníṣẹ́ abẹ nínú ogun abẹ́lé yẹn, tí wọ́n dá tirẹ̀ padà ní 1977. Ẹnikẹ́ni kò kọ fọ́ọ̀mù kí wọ́n tó ṣe é. Nígbà tó jẹ́ pé wọ́n fẹ́ gbà á ni, ìjọba fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ìdí fáìlì.

Ó sì ti ṣe é fún fífúnni náà rí. Ní 1993, ilé-iṣẹ́ ológun gbé iṣẹ́ fún àwọn onímọ̀ pé kí wọ́n wádìí ìdí tí aláwọ̀ dúdú kankan kò fi gba Medal of Honor nínú Ogun Àgbáyé Kejì. Ní oṣù kìíní 1997, Ààrẹ Clinton fún àwọn méje nínú wọn ní àmì-ẹ̀yẹ náà. Vernon Baker nìkan ló wà láyé láti gbà á.

Ti Paris Davis yẹ kó dójú ti ẹnikẹ́ni tó ń sọ pé ìlànà tó wà tó. Aláwọ̀ dúdú ni, ọ̀gá nínú Special Forces. Ní Bong Son, Vietnam, ní oṣù kẹfà 1965, ó fara gbọta, ó sì kọ̀ láti kúrò títí ó fi kó àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jáde. Ọ̀gá rẹ̀ kọ̀wé fún Medal of Honor. Ìwé náà pòórá. Wọ́n tún kọ ọ́, ó tún pòórá. Àwọn tó bá a jagun kò jẹ́ kó sinmi, ni Biden fi gbé e fún un ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta 2023, lẹ́ni ọdún 83. Bí kò bá lẹ́gbẹ́ tó ń bá a jà ńkọ́?

Nítorí náà, à ń fẹ́ kí Ilé Aṣòfin yí ìlànà ìgbìmọ̀ yẹn padà. Níbi tí fáìlì ti sọnù lọ́wọ́ ìjọba, kí wọ́n dẹ́kun gbígbà pé akọ̀wé ṣe dáadáa. Ìwé ìbúra ẹlẹgbẹ́ sójà, lẹ́tà àtijọ́, ìwé ọsibítù àti ìròyìn ẹgbẹ́ ọmọ ogun kí ó tó ẹ̀rí. Ẹ̀tọ́ tí ìwé ìjọba fúnra rẹ̀ ti fìdí múlẹ̀, irú Bronze Star yẹn, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ láìdúró de ẹ̀bẹ̀. Kí wọ́n sì fi DD-214 wé gbogbo ìwé àṣẹ àmì-ẹ̀yẹ kí sójà tó bọ́ aṣọ.

Kí wọ́n tó ṣe é, ẹ má jókòó. Fọ́ọ̀mù SF-180 lẹ fi ń béèrè àkọsílẹ̀ láti St. Louis; ẹbí tímọ́tímọ́ lè béèrè ti òkú. Ẹ kọ gbogbo orúkọ tí sójà náà jẹ́ rí sí i. Tí ìwé àṣẹ bá wà, DD-215 ni wọn yóò fi ṣàtúnṣe. Tí wọ́n bá kọ̀, ẹ gbé e lọ síwájú ìgbìmọ̀ pẹ̀lú DD-149. Tó bá jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ dámọ̀ràn àmì-ẹ̀yẹ náà rí, aṣòfin tó ń ṣojú yín lè béèrè pé kí wọ́n gbé e yẹ̀ wò, bó ti wù kó pẹ́ tó. Ẹ wá àwọn tó jọ jagun nísinsìnyí tí wọ́n ṣì wà láyé, kí ẹ gba ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sílẹ̀ níwájú ẹni tí òfin yàn láti gba ìbúra. Nígbà tí ẹ bá sì ń kọ̀wé sí aṣòfin yẹn, ẹ fi ìbéèrè kan kún un: ta ló yẹ kó wá ìwé tí ìjọba sọ nù? Ẹ ní kó fèsì lórí ìwé, kó sì bu ọwọ́ lù ú.