Hood wo ló yẹ ká rà?

Gbogbo ẹni tó ń kọ́lé báyìí ló ń ra hood sókè gáàsì, èyí tí gíláàsì rẹ̀ ń dán ni wọ́n sì ń mú. Lójú tèmi, dídán kọ́ ló ṣe kókó. Oríṣi méjì ló wà: ọ̀kan ń gba páìpù lé èéfín jáde síta, èkejì ń fi èédú inú ẹ̀ sẹ́ òórùn, á wá tú atẹ́gùn kan náà padà sínú ilé, tòun ti ooru ẹ̀. Àwa tá à ń din ata, tá a tún ti ń se banga níbí, kí la fẹ́ fi ìyẹn ṣe?

Ẹ ra onípáìpù. Gáàsì 60 cm, hood 60 cm, kó má dín. Ẹ jẹ́ kó fi bíi 65 sí 75 cm ga ju ojú iná lọ. Ẹ máa fọ àwọ̀n ẹ̀, torí ọ̀rá ń gbaná.

Àmọ́ tí NEPA bá mú iná lọ ńkọ́? Ẹ má gbà kí bíríkìlà dí fèrèsé ilé ìdáná torí pé ẹ ti ra ẹ̀rọ. Ẹnu páìpù yẹn náà, ẹ má kọ ọ́ sí yàrá aládùúgbò o, ìjà ni!