Ògógóró Ìkálẹ̀ àti aṣọ eré àwọn akẹ́kọ̀ọ́

Ní ìpínlẹ̀ Kentucky ní Amẹ́ríkà, ọtí bourbon àti bọ́ọ̀lù agbọ̀n yunifásítì ti wọnú ara wọn pátápátá. Ìda pupa ni ilé-iṣẹ́ bourbon Maker's Mark fi ń dí ìgò rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti fi ìda búlúù dí i rí, nítorí pé búlúù ni àwọ̀ Yunifásítì Kentucky. Àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù agbọ̀n yunifásítì náà a sì máa tò láti ra irú ìgò bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀, òfin ibẹ̀ kò gbà kí ẹni tí kò tíì pé ọdún 21 ra ọtí, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣeré náà kò sì tíì tó bẹ́ẹ̀!

Kí ló kan àwa ará Ìkọ̀yà, nítòsí Òkìtìpupa ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, níbẹ̀? Àwa náà ní ọtí tiwa. Ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, wọ́n á dá ògùrọ̀, wọ́n á fi í sílẹ̀ kó kan, wọ́n á sè é nínú dúrọ́ọ̀mù. Oru rẹ̀ á gba inú páìpù tó la omi tútù kọjá, á wá máa kán ní ògógóró. Ìjọba amúnisìn fòfin dè é nítorí owó ibodè tí wọ́n ń rí lórí ọtí òyìnbó. Ọlọ́pàá fọ́ dúrọ́ọ̀mù títí, ọtí náà kò parẹ́.

Ẹnìkan lè wá bi wá pé: bí Guinness bá ti ṣe onígbọ̀wọ́ Super Eagles rí, tí Heineken ń polówó nínú Champions League tí tọmọdé tàgbà ń wò l'Ókìtìpupa, kí ló burú bí ògógóró bá wà lára aṣọ eré àwọn akẹ́kọ̀ọ́ OAUSTECH, yunifásítì tó wà ládùúgbò wa, bí wọ́n bá ń lọ sí NUGA, ìdíje eré ìdárayá àwọn yunifásítì Nàìjíríà? Ó burú. Akẹ́kọ̀ọ́ kì í ṣe pátákó ìpolówó ọtí, ìbáà ṣe ti ilé, ìbáà ṣe ti òyìnbó.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà níbẹ̀ tó ká wa lára ju ìyẹn lọ. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, ní Òde-Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ wa, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ àwọn èèyàn, ojú wọn ṣú, ọ̀pọ̀ kò lò ju ọjọ́ kan lọ tí wọ́n fi kú. Àwọn tó kú lé ní 15. Àwọn kan ní òrìṣà ló ń bínú. Àwọn mìíràn fura sí oògùn apakòríko. Methanol, irú ọtí olóró kan, tó wà nínú ògógóró ni. Nígbà tí irú rẹ̀ tún pa èèyàn ní ìpínlẹ̀ Rivers, ìjọba àpapọ̀ fòfin de ògógóró ní oṣù kẹfà. Ẹni tó bá ń ná ọjà lágbègbè wa mọ ibi tí òfin yẹn já sí.

Orúkọ tó wà lára ìgò ló yẹ ká wò lọ́dọ̀ àwọn ará Kentucky. Ẹni tí ọtí bá ṣe léṣe mọ ilé tí yóò kàn. Òfin Amẹ́ríkà tilẹ̀ sọ ohun tó ń jẹ́ bourbon: àgbàdo inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní ìdá 51 nínú ọgọ́rùn-ún, inú àgbá tuntun tí wọ́n fi iná jó nínú ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ rọ ọ́ sí. Tiwa ńkọ́? Kẹ́ẹ̀gì tí kò ní àmì. Ẹni tó sè é tà á fún alágbàtà, alágbàtà dà á pọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn, ẹni tó ń fi ife kékeré wọ̀n ọ́n kò mọ ẹni tó sè é. Bẹ́ẹ̀ ó ṣeé ṣe: ilé-iṣẹ́ Pedro's ń ta ògógóró nínú ìgò tó lórúkọ.

Kí ìjọba ìbílẹ̀ Òkìtìpupa àti Ìrèlè kó àwọn tó ń sè é jọ sínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, kí NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, wá bá wọn nílé, kí olúkúlùkù ní nọ́ńbà tí yóò máa wà lára kẹ́ẹ̀gì rẹ̀. OAUSTECH ń kọ́ni ní ìmọ̀ kẹ́míkà. Yàrá àyẹ̀wò ni kí ọtí àti yunifásítì ti pàdé. Kí wọ́n máa yẹ ògógóró wò lóṣooṣù, kí a máa fi owó tí a bá gbà lọ́wọ́ àwọn olùtà san owó iṣẹ́ náà. Bí owó bá ṣẹ́ kù, kí wọ́n fi tún pápá eré àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ṣe, láìkọ orúkọ ọtí kankan síbẹ̀.