Ilé Wo Ni Orúkọ Yìí Ń Lọ?

Ọmọ onílù ni wọ́n ń sọ ní Àyánwálé, ọmọ awo ni wọ́n ń sọ ní Fátúnbí, ọmọ ọdẹ ló ń jẹ́ Ọdẹ́wálé. Ó ṣòro kí babaláwo dédé pe ọmọ tuntun rẹ̀ ní Àyánwálé, àfi bí ìyá ọmọ bá ti ilé onílù wá. Ohun tí àwọn àgbà rí nìyẹn tí wọ́n fi ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Wọn kò mọ íntánẹ́ẹ̀tì nígbà tí wọ́n pa òwe náà, síbẹ̀ ó yẹ kí àwọn tó ń ra orúkọ ìkànnì pamọ́ láti tà á jèrè lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara kọ̀ǹpútà wọn.

Ẹ wo business.com. Ní 1997, oníṣòwò ará Amẹ́ríkà kan, Marc Ostrofsky, rà á ní 150,000 dọ́là, nígbà tó jẹ́ pé 100 dọ́là ni wọ́n ń gba orúkọ tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbà fún ọdún méjì. Ní 1999, ilé-iṣẹ́ eCompanies san mílíọ̀nù 7.5 dọ́là fún un. Wọ́n kọ́ òwò lé orúkọ náà lórí, nígbà tó sì di 2007, R.H. Donnelley tó ń tẹ ìwé nọ́ńbà tẹlifóònù ra òwò àti orúkọ pọ̀ ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 345. Lẹ́tà mẹ́jọ kan náà ni látìbẹ̀rẹ̀; ilé tó ń wọ̀ ló ń yí padà. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé orúkọ ńlá ń gba ilé là: ní 2009, R.H. Donnelley wọ kóòtù, gbèsè ti bò ó mọ́lẹ̀.

Èyí tó dùn jù ni ti fb.com. American Farm Bureau Federation, ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ló ni ín tẹ́lẹ̀. Lójú àgbẹ̀, ìkékúrú orúkọ ẹgbẹ́ lásán ni. Lójú Facebook, ara rẹ̀ gan-an ni. Ní 2010, Facebook yọ mílíọ̀nù 8.5 dọ́là sílẹ̀, àwọn àgbẹ̀ sì kó ẹrù wọn lọ sí fb.org. Ìkórè ọdún yẹn mà dára o!

Àwọn tó ń díye lé orúkọ ní ìwọ̀n tiwọn. Ṣé ó kúrú? Bí a bá pè é lórí fóònù, ṣé ẹni tó gbọ́ ọ lè tẹ̀ ẹ́ láìṣìṣe? Ṣé .com ló gbẹ̀yìn rẹ̀? Èló ni wọ́n ta irú rẹ̀ rí? Ìbéèrè tó dára ni gbogbo rẹ̀, àmọ́ èyí tó jù ni pé: ta ni yóò fi orúkọ yìí ṣe ilé? Ẹni tí kò bi ara rẹ̀ léèrè yóò rí i lápò rẹ̀, nítorí ńṣe ni à ń háyà orúkọ ìkànnì. Ọdọọdún ni owó rẹ̀ ń pé, ẹni tó bá sì fẹ́ san owó .com sílẹ̀ kò lè san kọjá ọdún 10. Bí ènìyàn bá kó 500 orúkọ jọ, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba dọ́là 10, 5,000 dọ́là ń jáde lọ́dún kí oníbàárà kan ṣoṣo tó kan ilẹ̀kùn.

Orúkọ Yorùbá tiwa tún ní ìdààmú tirẹ̀. A kì í sábà fi àmì ohùn tàbí àmì ìsàlẹ̀ lẹ́tà sí orúkọ ìkànnì. Ẹni tó bá gba "owo", kí ló gbà? Owó ni àbí òwò, ọ̀wọ̀ ni àbí ọwọ̀ tí a fi ń gbálẹ̀? Báńkì yóò kà á sí owó, ọmọ ìlú Ọ̀wọ̀ yóò kà á sí ilé bàbá rẹ̀. Ẹni tó mọ ilé méjèèjì ló lè díye lé e.

Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ilé olówó nìkan ni wọ́n ń wò: wọ́n á gba orúkọ ilé-iṣẹ́ gbajúmọ̀, wọ́n á ní kó wá rà á padà. Òwò kọ́ nìyẹn. Ní 1999 ni Amẹ́ríkà ṣòfin tó lòdì sí i, ICANN tó ń bójú tó orúkọ ìkànnì lágbàáyé sì gbé ìlànà tirẹ̀ jáde lọ́dún kan náà. Ọdún yẹn náà ni Nissan Motor, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ilẹ̀ Japan, pe oníṣòwò kan, Uzi Nissan, lẹ́jọ́ nítorí nissan.com, ó sì ń béèrè mílíọ̀nù 10 dọ́là. Àmọ́ Nissan ni orúkọ ìdílé ọkùnrin náà, tí wọ́n bí ní Jerúsálẹ́mù. Ó ti fi í pe òwò rẹ̀ ní North Carolina láti 1980, nígbà tí ọkọ̀ àwọn ará Japan yẹn ṣì ń jẹ́ Datsun ní Amẹ́ríkà. 1994 ló sì gba nissan.com. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi wà ní kóòtù, owó agbẹjọ́rò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ́ ẹ dégun. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ń lo nissanusa.com. Nígbà tí Uzi Nissan kú ní 2020, nissan.com ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.