A Kì í Fi Pàṣán Kọ́ Ọmọ ní Ẹ̀tọ́

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọjọ́ kan, mo lọ mú ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba kan. Láti ojú fèrèsé ni mo ti ń gbọ́ bí àwọn ọmọ ti ń ké tẹ̀lé olùkọ́ wọn: “Gbogbo ènìyàn ló ní ẹ̀tọ́ láti sọ èrò ọkàn rẹ̀!” Inú mi dùn. Àfi bí ọmọbìnrin kan ṣe nawọ́ sókè: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ló dé tí ẹ fi lé àwọn tí kò tíì san owó àga jáde lánàá?” Ẹ gbọ́ èsì tíṣà: “Ìwọ aláfojúdi yìí, kúnlẹ̀, káwọ́ sókè!” Pàṣán sì tẹ̀lé e.

Nígbà tí à ń lọ sílé, mo bi ọmọ wa léèrè ohun tí wọ́n kọ́. Ó ní, “Ẹ̀tọ́ ni, bọ̀ọ̀dá. Ṣùgbọ́n a kò gbọ́dọ̀ bèèrè.”

Ẹ gbà mí o! Ṣé ẹ̀kọ́ nìyẹn? Ìbéèrè ọmọ yẹn gan-an ni ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà. Òfin ọdún 2004 sọ pé ọ̀fẹ́ ni ẹ̀kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba, láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí dé ọdún kẹta girama. Àwọn bàbá wa ní Ìwọ̀-Oòrùn ti jẹ àǹfààní irú rẹ̀ láti ọdún 1955, nígbà ìjọba Awólọ́wọ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ wo wá ni ọmọ tí ó bèèrè ṣẹ̀?

Àwọn kan yóò ní, “Bí ẹ bá kọ́ ọmọdé ní ẹ̀tọ́, yóò ya aláfojúdi. Nǹkan òyìnbó ni.” Irọ́ ni o! Kí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó gbé ìwé ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn jáde ní ọdún 1948 ni àgbà Yorùbá ti ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Kí ni abala 36 ìwé òfin wa ti ọdún 1999 tún sọ ju ìyẹn lọ? Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Bí ọmọdé kò bá lè sọ̀rọ̀, ibo la ó ti rí ọgbọ́n tirẹ̀?

N kò ní kí a má bá ọmọ wí. Ọmọ tí ó bá lu ẹnìkejì rẹ̀ ti tẹ ẹ̀tọ́ ọlọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lójú. Ó yẹ kí a bá a wí, kí a sì fà á mọ́ra. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, gbèsè bàbá kì í sì í ṣe ti ọmọ.

Mo mọ̀ pé ìyà ń jẹ olùkọ́ pẹ̀lú. Ẹni tí wọ́n jẹ ní owó oṣù, tí kò gbọdọ̀ ráhùn, báwo ni yóò ṣe fi gbogbo ẹnu kọ́ni ní ẹ̀tọ́? Kí ìjọba san ẹ̀tọ́ olùkọ́. Kí olùkọ́ náà gbọ́ tẹnu ọmọ méjèèjì kí ó tó dájọ́ ìjà. Kí ó jẹ́ kí kíláàsì bá a ṣe òfin kíláàsì. Kí ó sì dá ìbéèrè lóhùn, bó tilẹ̀ korò.

Ọmọ tí a fi pàṣán pa lẹ́nu mọ́ lónìí ni olùdìbò tí yóò dákẹ́ lọ́la, nígbà tí wọ́n bá ń kó ohun ìní rẹ̀ lọ. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí á tún ráhùn nígbà náà.