Ọ̀dà Kì Í Ṣe Bíréèkì

Àwọn tó ń ta mọ́tò tòkunbọ̀ ní Èkó a máa sọ pé àwọn ń tún ọkọ̀ ṣe kí ó tó dé ọjà. Mercedes AMG tó ti forí sọ igi ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ń kùn lọ́dà tuntun, tí wọ́n sì ń dá òǹkà ìrìn rẹ̀ padà sẹ́yìn. Èyí tó burú jù ni pé wọ́n a pa iná tó ń kìlọ̀ pé airbag ti bàjẹ́. Ṣé àtúnṣe nìyẹn?

Ọkọ̀ tí a ṣe fún eré àsápajúdé, táyà àti bíréèkì rẹ̀ ló yẹ kí owó kọ́kọ́ bá. Nọ́ńbà mẹ́rin ara táyà ń sọ ọjọ́ orí rẹ̀: 2318 ni ọ̀sẹ̀ 23, ọdún 2018. Olùtajà mọ̀ ọ́n kà dáadáa, síbẹ̀ òróró ló fi ń pa táyà ògbólógbòó kí ó lè máa dán.

Wọ́n a ní oníbàárà ló ń wá ẹ̀dínwó. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ní kí wọ́n fi irọ́ kún un. Láti ọdún 1972 ni Amẹ́ríkà ti fi òfin de dídá òǹkà ọkọ̀ padà. Kí olùtajà fi nọ́ńbà VIN han ẹni tó fẹ́ rà á, kí ó kọ gbogbo ohun tó pààrọ̀ sílẹ̀, kí ó tó dá iye lé e.