Ọwọ́ Ló Ni Fírémù, Ojú Kọ́

Irọ́ kan wà tí àwọn tó ń ta géèmù fẹ́ràn gan-an: pé ojú èèyàn kò lè rí ju àwòrán 24 lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tàbí 30 tí wọ́n bá ṣàánú wa. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọlọ́jà, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí kò di páàdì mú rí, etí mi sì ti kún. Èrò tèmi rèé láìfi àbùlà sí i: géèmù tuntun yòówù tí wọ́n bá gbé jáde fún ẹ̀rọ ńlá òde òní, bíi PlayStation 5 tàbí Xbox Series X, tí kò lè fún wa ní fírémù 60, ìyẹn àwòrán 60, láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, wọn ò tíì ṣe é tán tí wọ́n fi gbé e wá sọ́jà. Kí wọ́n padà lọ parí iṣẹ́ wọn.

Inú sinimá ni 24 ti wá. Nígbà tí ohùn wọ fíìmù ní ìparí àwọn ọdún 1920, Hollywood ní láti mú ìwọ̀n kan tí fíìmù yóò fi máa sáré kí ohùn lè dún geere, kó má sì jẹ fíìmù jù, nítorí fíìmù kì í ṣe ohun olówó pọ́ọ́kú. 24 ni wọ́n fẹnu kò lé. Bí ìṣirò owó ṣe di ìwọ̀n agbára ojú nìyẹn. Kámẹ́rà sì ní ọgbọ́n kan tí géèmù kò ní: lórí fírémù kọ̀ọ̀kan, ojú rẹ̀ máa ń là sílẹ̀ fún nǹkan bí ìdá kan nínú 48 ìṣẹ́jú àáyá, ohunkóhun tó bá sì mira láàárín àsìkò yẹn á fà yọ̀ọ̀ lórí fíìmù. Fífà yẹn ló ń tan ojú wa jẹ tí ìrìn fi ń jọ ìrìn. Kọ̀ǹpútà kì í fà á bẹ́ẹ̀. Á ya àwòrán kan tó dúró gbọn-in, á tún ya òmíràn. Tí àlàfo àárín wọn bá sì ti pọ̀, ṣe ni nǹkan á máa fò láti ibì kan bọ́ sí ibòmíràn.

Wọ́n á bi mí pé kí ni mo fẹ́ sọ sí fíìmù The Hobbit tí Peter Jackson fi fírémù 48 yà ní 2012, tí ọ̀pọ̀ òǹwòran ní kò dùn ún wò. Kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ẹni tó jókòó sí sinimá kò rán Bilbo inú fíìmù náà níṣẹ́ kankan. Kò tẹ nǹkan kan kí Bilbo tó fò, kò sì sí ohun tó máa bà jẹ́ fún un tí ìdáhùn bá pẹ́.

Ibi tí gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé rèé. Fírémù inú géèmù, ọwọ́ ló kàn kó tó kan ojú. Tí o bá tẹ bọ́tìnì, ó di ìgbà tí fírémù mìíràn bá dé kí o tó rí èsì rẹ̀. Ní 30, fírémù kan ń gba ìdá 33 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá. Ní 60, kò pé 17. O lè ní kí ni ìyẹn jẹ́. Ṣùgbọ́n géèmù kì í sábà dáhùn lórí fírémù kan ṣoṣo: ó máa gba àṣẹ rẹ, á ṣírò, á yà, á gbé e fún tẹlifíṣọ̀n, fírémù bíi mẹ́ta tàbí mẹ́rin á sì ti kọjá. Ní 30, mẹ́ta péré ti tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá. Gólì ti wọlé nígbà náà.

Ẹ bi àwọn tó ń gbá Street Fighter, géèmù ìjà, léèrè. Fírémù ni wọ́n fi ń ka ẹ̀ṣẹ́. Ẹ̀ṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ tí Ryu ń jù nínú Street Fighter 6, ní fírémù kẹrin ló ti lè bà ọ́. Ní ìdíje Evo 2004, ẹ̀jẹ̀ tín-ń-tín ló kù fún Daigo Umehara ará Japan nínú Street Fighter III: 3rd Strike, nígbà tí Justin Wong, tó fi Chun-Li jà, rọ̀jò ẹsẹ̀ lé e lórí. Tó bá kàn fọwọ́ bojú lásán, díẹ̀ tí ẹsẹ̀ náà máa já lára rẹ̀ ti tó láti pa á. Ó gbá ẹsẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún dànù lọ́kọ̀ọ̀kan, ó dá tirẹ̀ padà, ó ṣẹ́gun. Ẹ fi 30 ṣe é kí n rí i.

Wọ́n á tún ní ọ̀rọ̀ olówó nìyẹn. Irọ́ kejì! Super Mario Bros. jáde ní 1985 lórí ẹ̀rọ tí ibi ìrántí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kílóbáìtì 2 lọ, fírémù 60 ló sì ń sáré. Kì í ṣe pé ẹ̀rọ kò lágbára, ibi tí wọ́n ń ná agbára náà sí ló ń bí mi nínú: irun tó tutù, omi ojú títì tí iná ń tàn nínú rẹ̀. Àwòrán tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ìpolówó kì í rìn, fírémù kì í sì í hàn nínú rẹ̀. Ní 2009, Mike Acton ti ilé iṣẹ́ Insomniac kọ ọ́ ní gbangba pé fírémù 60 kò fi bẹ́ẹ̀ kún ọjà, kò sì fi bẹ́ẹ̀ kún máàkì tí àwọn aláríwísí ń fúnni, nítorí náà ó ṣeé ṣe kí A Crack in Time jẹ́ géèmù wọn tó kẹ́yìn tí yóò sáré bẹ́ẹ̀. Ó kéré tán, òótọ́ ló sọ. Àwọn ará Ubisoft ní tiwọn ń sọ fún oníròyìn ní 2014 pé 30 ló ń mú géèmù jọ sinimá. Assassin's Creed Unity tiwọn jáde lọ́dún náà, 30 gan-an kò sì lè dì mú.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí àwọn èèyàn ń ṣe nígbà tí wọ́n bá fún wọn láyè láti yàn. Lórí PS5, ọ̀pọ̀ géèmù ní ipò méjì: ọ̀kan fún àwòrán tó rẹwà, ìkejì fún fírémù. Ní oṣù Kẹsàn-án 2024, Mark Cerny ti Sony, tó ni PS5, sọ ọ́ fúnra rẹ̀ pé nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ló ń yan fírémù. Ẹ ò sì ní láti dé Tokyo kí ẹ tó rí i. Ẹ wo àwọn ọmọ tó ń gbá PUBG Mobile lórí fóònù Tecno tàbí Infinix n'Íbàdàn: "Smooth" tí àwòrán rẹ̀ gbẹ ni wọ́n ń yàn kí fírémù lè gòkè. Òjìji lọ, koríko ò lẹ́wà mọ́, kò sẹ́ni tó bínú. (120 Hz tí ọlọ́jà ń pariwo ní Computer Village ńkọ́? Tí ọpọlọ fóònù náà kò bá lè ya ju 40 lọ, àwòrán kan náà ni ojú fóònù á kàn máa tún fi hàn ọ́.)

Mo mọ orúkọ tó ti wà lẹ́nu yín: Zelda, géèmù Nintendo. Òótọ́ ni, Ocarina of Time ti 1998 kò ju fírémù 20 lọ, géèmù ńlá sì ni. Breath of the Wild ti 2017 kò kọjá 30, èmi náà sì fẹ́ràn rẹ̀ dé góńgó. Ẹni tó fi ẹsẹ̀ tó rọ́ sáré tó sì gba ipò kìíní, a kì í tìtorí rẹ̀ rọ ẹsẹ̀ àwọn tó kù. Nintendo fúnra wọn mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Switch 2 dé ní oṣù Kẹfà 2025, wọ́n gbé àtúnṣe tó mú Breath of the Wild dé 60 wá sọ́jà ní nǹkan bíi dọ́là 10. Ohun tí kò bá já mọ́ nǹkan kan, ta ni yóò san dọ́là 10 lé e?

Èyí kò ní kí n máa gbè sẹ́yìn àwọn tó ń ta ojú ẹ̀rọ fírémù 240 àti 360. Láti 30 sí 60, nǹkan bí ìdá 17 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá lo jèrè lórí fírémù kọ̀ọ̀kan. Láti 240 sí 360, kò pé méjì. Ẹni tó ń fi Counter-Strike jẹun lè rà á. Ìwọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù orí géèmù lálẹ́ Sátidé, tọ́jú owó rẹ.

Èyí tó burú jù ni fírémù ayédèrú. Ní oṣù Kìíní 2025, Jensen Huang, ọ̀gá Nvidia, dúró ní Las Vegas, ó ní káàdì àwòrán RTX 5070 tí wọ́n fẹ́ máa tà ní dọ́là 549 yóò ṣe bíi RTX 4090 tó jáde ní dọ́là 1,599. Àṣírí ibẹ̀ ni pé lórí fírémù kan tí géèmù yà lóòótọ́, káàdì náà lè hun mẹ́ta mìíràn sí i. Àwọn mẹ́ta yẹn kò gbọ́ nǹkan kan nípa bọ́tìnì tí o tẹ̀. Ẹ̀rọ náà tún gbọ́dọ̀ dá fírémù tòótọ́ dúró díẹ̀ kó tó lè mọ ohun tí yóò hun sáàárín, ìdáhùn á sì tún pẹ́ sí i. Ojú á rí 120, ọwọ́ á wà ní 30. Tó bá jẹ́ pé ojú ló ni fírémù lóòótọ́, ẹ̀bùn ńlá ni ì bá jẹ́.

Ọ̀rọ̀ Bloodborne ni mo fẹ́ kí ẹnì kan dáhùn. FromSoftware ló ṣe é, Sony gbé e jáde ní 2015, géèmù tí kéèyàn pẹ́ díẹ̀ kó tó yẹ̀ ti tó láti kú sí, 30 ni wọ́n sì dè é mọ́. PS5 lè gbé e ní ìlọ́po méjì láìlàágùn. Ní 2021, ẹnì kan tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ wọn ṣe àtúnṣe tó sọ ọ́ di 60, ó fi ta gbogbo ayé lọ́rẹ. Sony kò gbé tiwọn síta. Ní 2025, wọ́n fi òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ mú un kó tirẹ̀ kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Tí ilé iṣẹ́ kan náà, tó gbé PS5 Pro jáde ní dọ́là 700 ní 2024, bá wá ń rọ̀ mí pé kí n rà á nítorí fírémù, kí wọ́n kọ́kọ́ dá mi lóhùn lórí Bloodborne ná.