Bí ará Kétu bá kú sí Faransé, ta ló máa sọ pé kí wọ́n sun ún?

Ní Kétu, ọ̀pọ̀ ilé kì í fẹ́ gbọ́ ọ rárá pé kí wọ́n dáná sun òkú. Láyé àtijọ́, àbíkú tó ń da ìyá rẹ̀ láàmù ni wọ́n lè sun, kó má baà tún padà wá. Ẹni tó dàgbà, tó bímọ, inú ilẹ̀ là ń gbé e sí, nígbà míì nínú ilé rẹ̀ gan-an. Torí náà, bí ọmọ kan bá pè láti Paris pé bàbá ti ní kí wọ́n sun òun, kò yani lẹ́nu bí ìjà bá bẹ́ sílẹ̀.

Òfin Faransé kì í bi olórí ẹbí léèrè o. Láti 1887 ni òfin ti sọ pé àgbàlagbà tó lè ṣe ìwé ogún ló ní ẹ̀tọ́ láti sọ bí wọ́n á ṣe sin òun. Bí kò bá kọ nǹkan kan sílẹ̀, ẹni tó ń bójú tó ìsìnkú ló máa lọ gba àṣẹ ní mairie. Bí ẹbí ò bá gbọ́ ara wọn yé, ó di iwájú adájọ́, tó ní wákàtí 24 péré láti dájọ́. Ohun tí olóògbé fúnra rẹ̀ fẹ́ ló máa wádìí. Bọ́jọ́ bá pé, bàbá àgbà tó wà ní Kétu ò tíì rí físà gbà.

Lẹ́yìn iná ńkọ́? Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. Láti òfin 19 December 2008, ẹ ò lè pín eérú òkú láàárín àwọn ọmọ, ẹ ò sì lè gbé e sí pálọ̀ mọ́. Ilé ìsunkú lè bá yín tọ́jú rẹ̀ fún ọdún kan, kẹ́ ẹ fi ronú. Ẹ lè sin ìgò eérú náà sínú sàréè, ẹ lè gbé e sínú columbarium, ẹ lè dà á sí jardin du souvenir, tàbí kẹ́ ẹ dà á sínú igbó tàbí òkun, àmọ́ kì í ṣe sójú títì. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé e wá sí Bẹ̀nẹ̀, préfet ló ń fúnni láṣẹ. Owó rẹ̀ ò sì tó ti pósí tí wọ́n dì pa tó ń wọ ọkọ̀ òfuurufú.

Àwọn Mùsùlùmí ò gbà á rárá, ọ̀rọ̀ tiwọn parí síbẹ̀. Ìjọ Kátólíìkì gbà á láti 1963, àmọ́ Róòmù tún sọ ní 2016 pé ibi mímọ́ ni kí eérú wà, kí wọ́n má fọ́n ọn ká. Ní Èkó pàápàá, Gómìnà Fáṣọlá fọwọ́ sí òfin tó fàyè gbà á ní 2013.

Lójú tèmi, àṣà wa ò ti gbogbo ilẹ̀kùn. Bí èèyàn bá kú sí ibi tí wọn ò ti lè gbé òkú rẹ̀ wálé, irun àti èékánná rẹ̀ ni wọ́n ń gé wá, wọ́n á sì sin ín bí ẹni pé òun gan-an ló dé. Kí ló dé tí ìgò eérú ò lè gba ọ̀nà yẹn? Iná ló le, mo mọ̀. Àmọ́ ilẹ̀ Kétu ló ṣì máa gbà á.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kórìíra iná gan-an ló yẹ kẹ́ ẹ tètè kọ̀wé. Ẹni tí kò lówó tí kò sì lẹ́ni, commune ló ń sin ín sí terrain commun. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, wọ́n lè hú egungun rẹ̀. Ní 2024, òfin gbà pé bí wọn ò bá mọ̀ pé ó kọ iná, wọ́n lè sun egungun náà. Ní 31 October 2024, Conseil constitutionnel sọ pé òfin yìí kù díẹ̀ káàtó, torí kò ní kí wọ́n sọ fún ẹbí kí wọ́n tó sun ún.

Ìwé kan péré ni: ẹ fọwọ́ ara yín kọ ọ́ ní Faransé, ẹ kọ déètì, ẹ buwọ́ lù ú. Ẹ fún ọmọ kan ní Faransé, kẹ́ ẹ sì fi ẹ̀dà kejì ránṣẹ́ sílé ní Kétu.